Adíyelé Ẹrù Àlòkù

Ẹ́ńjìnnì náà dún, ó pariwo, ó tú èéfín sí gbogbo ọgbà ìjọ, ṣùgbọ́n gílóòbù kò tàn. Adéjọbí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti Àjàgbà wá ra jẹnẹrétọ̀ ìjọ, yọ gílóòbù kúrò, ó fi òmíràn sí i. Pàbó. Ó fi ẹ̀kẹta sí i. Pàbó. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ó yíjú sí Agatha.

"Ìyá Fúnlọ́lá, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ tà fún mi nìyí? Tí mo gbé pẹtiróòlù tèmi lọ́wọ́ láti Àjàgbà?"

Agatha ni akápò ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ. Obìnrin mẹ́rìnlá ló dúró yí i ká ní àárọ̀ Sátidé yẹn, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejì ọdún 1995, gbogbo wọn sì ń wo ẹnu rẹ̀. Adéjọbí ti san ìdajì owó láti Ọjọ́rú. Ẹgbẹ́ ti kó owó náà fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, àwọn yẹn sì ti fi ra sìmẹ́ǹtì. Ohun tí wọn yóò dá padà fún ọ̀gá ilé-ìwé kò sí.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Vincent, ẹni tó máa ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nítòsí gáréèjì. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú sípánà, ó wo inú, ojú rẹ̀ sì yí padà. Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà bàbà tó ń mú iná jáde, ti jóná dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Èyí kọ́ ni mo fi síbẹ̀," ó ní. "Tuntun ni mo fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ojú yín náà ló ṣe."

Catherine, ààrẹ ẹgbẹ́, rẹ́rìn-ín tí kò dé inú. "Vincent, ta ló tú u kẹ́yìn?"

"Èmi ni."

"Ilé ta ló wà?"

"Ilé Ìyá Fúnlọ́lá."

"Ó tán nìyẹn. Kí la tún ń wá?"

Bí wọ́n ṣe gbé orúkọ olè fún opó tó ti fi ọdún mẹ́fà tọ́jú owó ẹgbẹ́ láìsí kọ́bọ̀ kan tó sọnù nìyẹn. Kò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú títí di òní, n kò sì ní bo ìbínú mi mọ́lẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ náà ti sùn. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Lérè Dáraolúwa. Ìbàdàn ló ní òun ti wá. Ó gba yàrá kan ní òdìkejì pósófíìsì Òkìtìpupa, ó sì kọ ọ́ sára pátákó gbàgàdà: ADÍYELÉ ẸRÙ ÀLÒKÙ. Àsìkò náà le. Olùkọ́ kò rí owó oṣù gbà, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kò rí gbà, kálukú ń wo fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀ bí ẹni ń wo ewúrẹ́ ọdún. Ṣùgbọ́n èló ni kí ènìyàn pè é? Bí o bá pè é lówó gọbọi, yóò bà jẹ́ sọ́wọ́ rẹ. Bí o bá pè é ní pọ́ọ́kú, o ti fi tọrẹ. Lérè ní òun yóò bá wọn díyelé e. Yóò kọ ọ́ pẹ̀lú iye rẹ̀ sínú ìwé kan tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ní Sátidé Sátidé, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde pósófíìsì, ti sẹkitéríàtì àti ti gáréèjì Òde-Ìrẹ̀lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò rí i níbẹ̀.

Ó máa ń de táì nínú oòrùn. Bí o bá gbé ẹrù dé, yóò fi ìka kàn án, yóò fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò di ojú, á wá dárúkọ iye kan. Àwọn olùkọ́ tó ka ìwé ju òun lọ yóò máa mi orí. Òfin kan péré ló ní: ẹrù gbọ́dọ̀ sùn sọ́dọ̀ òun. "Ẹrù tí mi ò bá sùn tì, mi ò lè mọ iye rẹ̀." Wọ́n gbà á gbọ́!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, ni Agatha fi ọmọlanke gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Mọ́ńdè ọjọ́ kẹtàlá ni Lérè dá a padà. Agatha kò gba ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀, kò mú ẹlẹ́rìí dání. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹni tí o bá gbé ẹrù fún pé kó bá ọ mójú tó o, o kì í ní kó kọ̀wé fún ọ. Bí o bá ní kó kọ ọ́, olè lo pè é yẹn, ó sì lè bá ọ jà títí dọjọ́ ikú. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ dé ilé, kò sí ẹ̀kán pẹtiróòlù kan nínú rẹ̀. Oṣù yẹn, àwọn ènìyàn ń gbé jálá sùn sílé epo ni. Ta ni yóò fi pẹtiróòlù dán ohun tí alámọ̀já ti dán wò?

Ọ̀sán Sátidé náà, Agatha wọ ṣọ́ọ̀bù Lérè láì kan ilẹ̀kùn.

"Níbo ni kọ́ìlì wa wà?"

Lérè ṣí ìwé ńlá kan. "Ìyá, ẹ wò ó. 'Iná tàn dáadáa.' Ẹrù tó pé ni mo díyelé. Ẹrù tó pé ni mo gbé fún yín ní Mọ́ńdè. Ohun tó ṣe é láti Mọ́ńdè sí òní, ilé yín ló ti ṣe é."

"O ń pè mí lólè?"

"Mi ò pe ẹnìkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pariwo ju báyìí lọ, màá lọ bá ààrẹ yín. Màá sọ fún un pé ẹ bi mí léèrè iye tí kọ́ìlì nìkan lè pa."

"Irọ́! Lérè, irọ́ lo pa yẹn!"

"Ta ni wọ́n máa gbà gbọ́?"

Lérè kò tilẹ̀ dúró kí Agatha tún pariwo. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé ọ̀dọ̀ Catherine, Catherine náà ti gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri àdúgbò bí ẹni gbé oúnjẹ ọdún. Wọ́n dá ọjọ́ fún Agatha: bí Sunday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá pé tí kò rí owó Adéjọbí san, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ lójú gbogbo ìjọ. Púpurú ni Agatha ń ṣe tà láti jẹun. Òun ló ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀, òun ló ń yan án lórí iná fúnra rẹ̀. Láti Mọ́ńdè, àwọn oníbàárà ń gba iwájú igbá rẹ̀ kọjá láì kí i. Ọkọ rẹ̀ kò fi ilẹ̀ sílẹ̀, kò fi ilé sílẹ̀. Orúkọ rere nìkan ló fi sílẹ̀, òun náà ni wọ́n ń jà gbà yìí.

Kò jókòó sọkún. Ó lọ síwájú pátákó pósófíìsì, ó da orúkọ àwọn tó ti kéde ẹrù kọ, ó sì ń wọ ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Joel, olùkọ́ ìṣirò, ta fíríìjì fún àna rẹ̀. Ó tutù nini nígbà tó lọ sùn lọ́dọ̀ Lérè, àmọ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àna, ó gbóná bí ààrò. Oṣù méjì nìyẹn, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Dora, nọ́ọ̀sì, ta ẹ̀rọ ìránṣọ oníná fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Wọ́n ti fa ara wọn láṣọ ya lórí rẹ̀. Ilé márùn-ún, ọ̀rọ̀ kan náà. Lérè yóò sọ fún olùtajà pé ẹni tó rà á ló bà á jẹ́. Yóò sọ fún ẹni tó rà á pé olè lolùtajà. Ọ̀rẹ́ ń bá ọ̀rẹ́ jà, àna ń bá àna jà, òun ń tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?" Agatha bi Joel.

"Ojú ló ń tì mí, Ìyá."

"Ojú ń tì yín! Ìtìjú yín ló ń bọ́ ọ yó! Bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ ní Kèrésì, ṣé wọ́n á máa pè mí lólè lónìí?"

Joel wolẹ̀.

Sájẹ́ńtì Adéyẹmọ ní àgọ́ ọlọ́pàá gbọ́ ẹjọ́ náà délẹ̀. "Ìyá, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ bá mi wá ohun tó sọnù gan-an."

Vincent ló rí ọ̀nà. Òun náà kò rí iṣẹ́ mọ́. Ta ni yóò gbé jẹnẹrétọ̀ fún olè? Ó ń ka àwọn ìwé ara pátákó náà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó wá rí i pé ìlà kan kì í yẹ̀ nísàlẹ̀ wọn: "Pààtì tòkunbọ̀ oríṣiríṣi. Òde-Ìrẹ̀lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ẹ béèrè Jẹ́jẹ́lọlá." Ilẹ̀ Fúráìdè mọ́, òun àti Agatha wọ bọ́ọ̀sì.

Jẹ́jẹ́lọlá jẹ́ obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Pẹpẹ kún lẹ́yìn rẹ̀: mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ tó ń mú fíríìjì tutù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti nù tó ń dán. Vincent nawọ́ sí kọ́ìlì kan, ó yí i padà. Ó rí ìlà mẹ́ta ní ìdí irin rẹ̀, tó fi ayùn fá. Àmì rẹ̀ ni. Gbogbo atúnṣe Òkìtìpupa ló ní àmì tirẹ̀ lára ohun tó bá fi sínú ẹrù oníbàárà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn tó bà jẹ́ wá bá a jà. Ẹnìkan ń fi ọ̀dà kùn ún, ẹnìkan ń so òwú pupa mọ́ ọn. Lérè mọ iye gbogbo nǹkan, kò mọ ìyẹn. Ó rò pé inú ọkọ̀ ojú omi ni irin náà ti fara họ.

"Èló ni?" Vincent béèrè.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ti Jámánì ni, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé."

"Jámánì?"

"Ṣé ẹ rà á ni àbí ẹ ò rà?"

"Ta ló kó o wá?" Agatha fọ̀.

Jẹ́jẹ́lọlá dá ṣingọ́ọ̀mù dúró lẹ́nu. "Ìyá, ṣé pààtì lẹ wá rà ni àbí ìtàn?"

Ibẹ̀ ni alùpùpù kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lérè ni, pẹ̀lú táì, pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Ó rí Agatha. Ó rí kọ́ìlì lọ́wọ́ Vincent. Ó yí alùpùpù padà, àpò já bọ́, ó sì sá.

"Vincent, di obìnrin yìí mú!" Agatha ti bẹ́ sẹ́yìn ọ̀kadà kan, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. "Lé e! Olè ni! Màá san iye tí o bá fẹ́!"

Wọ́n gba ọ̀nà Àjàgbà. Eruku bo ojú. Lérè ń bojú wẹ̀yìn, ọ̀kadà ń súnmọ́ ọn, Agatha ti ń rí ìlà ara aṣọ rẹ̀ kedere, kí ọkọ̀ gẹdú kan tó yọ níbi kọ́nà tó gba gbogbo ojú ọ̀nà. Lérè gba etí kòtò kọjá. Ọlọ́kadà tẹ bíréèkì. Kí ọkọ̀ náà tó yẹ̀ fún wọn, tí wọ́n sì tún rìn díẹ̀, alùpùpù Lérè ló kù nílẹ̀ lẹ́bàá oko ọ̀pẹ, táyà rẹ̀ ṣì ń yí. Kò sí ènìyàn.

"Ìyá, ó ti lọ," ọlọ́kadà ní. "Igbó ọ̀pẹ yìí dé ẹ̀yìn ayé."

Agatha jókòó sílẹ̀ nínú eruku, ó sọkún. Ẹkún ìbínú ló ń sun. Ọ̀túnla ni Sunday.

Ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ olè bó ṣe ń gbẹ olóòótọ́. Lérè la igbó ọ̀pẹ náà kọjá, ó sì tún yọ sí ojú títì níwájú. Lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, ọ̀pẹ̀yìnbó wà lórí ewé ní òkìtì òkìtì, òkúta márùn-ún sì wà níwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan. Kò sí olùtà. Ọmọ ibẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un: òkúta kan, náírà kan. Olóko wà nínú oko rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà yóò fi owó sábẹ́ òkúta, yóò gbé tirẹ̀, yóò máa lọ. Ènìyàn lè jí ewúrẹ́ ní ilẹ̀ yìí kó sì rí aláàánú. Ẹni tó bá jí ọjà orí òkúta, bàbá rẹ̀ kò ní jẹ́wọ́ rẹ̀.

Lérè wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gbé ọ̀pẹ̀yìnbó kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin tó díyelé ẹrù gbogbo ìlú gbé e láì san. Ìyẹn kò tó o. Ó rí etí owó tí ẹnìkan ti fi sábẹ́ òkúta láàárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó kó ìyẹn náà.

Igbe ta láti àárín ẹ̀gẹ́. "Olè! Ọma olè! Ó kó oghó abẹ́ òkúta mi o!" Ìyá arúgbó kan ló yọ pẹ̀lú àdá tó fi ń roko, ó ń sáré bí ọmọdébìnrin. Igbe náà kò kú. Oko kejì gbà á, oko kẹta gbà á. Àwọn tó ń kọ ẹyìn sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ dìde tọ̀bẹ tọ̀bẹ. Kí Lérè tó rìn ìwọ̀n ogójì ẹsẹ̀, wọ́n ti yí i ká, ọ̀pẹ̀yìnbó ṣì wà ní abíyá rẹ̀. Ẹnìkan fi táì náà fà á lulẹ̀.

Agatha gbọ́ igbe náà lẹ́yìn, ó ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ. Nígbà tó dé, wọ́n ti ń wá táyà. Ó já àárín wọn kọjá, ó dúró lé Lérè lórí, ó na apá méjèèjì.

"Ẹ má pa á!"

"Ìyá, ẹ kúrò! Ó kó owó abẹ́ òkúta!"

"Mo ní ẹ má pa á! Orúkọ mi wà lẹ́nu rẹ̀! Bó bá kú báyìí, olè ni mo jẹ́ títí láé!"

Ìyá arúgbó náà wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ó sọ àdá rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ dì í," ó ní. Okùn ọ̀pẹ ni wọ́n fi dì í gbé dé àgọ́ ọlọ́pàá ní Òkìtìpupa. Vincent ti mú Jẹ́jẹ́lọlá àti kọ́ìlì náà débẹ̀ ṣáájú wọn.

Ẹ máa rò pé ó ti tán. Lérè jókòó níwájú Sájẹ́ńtì Adéyẹmọ, ètè wíwú, ó sì tún ń purọ́.

"Kọ́ìlì yìí, níbo lo ti rí i?"

"Mo rà á."

"Lọ́wọ́ ta?"

"Lọ́wọ́ Vincent. Òun àti Ìyá yìí ló tà á fún mi. Ṣebí òun náà ló ní àmì òun wà lára rẹ̀?"

Òógùn bo Vincent. Sájẹ́ńtì yíjú sí i. "Ṣé àmì rẹ nìyí?"

"Tèmi ni, sà. Ṣùgbọ́n..."

"Lérè, ọjọ́ wo lo rà á?"

"Ọjọ́ Tusidé, ọjọ́ kẹrìnlá. Mo ti dá jẹnẹrétọ̀ wọn padà nígbà náà."

Agatha dìde. Ó jáde, ó lọ sí pósófíìsì, ó sì padà wá pẹ̀lú ìwé kan tó ya tòun ti gọ́ọ̀mù láti ara pátákó. Ó fi lé Sájẹ́ńtì lọ́wọ́. "Ẹ ka ìlà tó wà lókè ti Jẹ́jẹ́lọlá."

Sájẹ́ńtì kà á sókè: "'Kọ́ìlì jẹnẹrétọ̀, bí tuntun, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Òde-Ìrẹ̀lẹ̀.' Lérè, ta ló kọ ìwé yìí?"

"Èmi ni."

"Ọjọ́ wo ló wà lórí rẹ̀?"

Lérè na ọrùn. "Sátidé... ọjọ́ kọkànlá."

"O ní Tusidé ọjọ́ kẹrìnlá lo rà á. Báwo lo ṣe díyelé ohun tí o kò tíì rà?"

Sájẹ́ńtì gbé ìwé náà sún mọ́ ojú rẹ̀.

"Níbo ni jẹnẹrétọ̀ ìjọ wà ní Sátidé ọjọ́ kọkànlá?"

"Sà..."

"Mo ní níbo ló wà!"

"Ní ṣọ́ọ̀bù mi."

Kò lè mú sùúrù kó dá ẹrù padà kó tó kéde inú rẹ̀. Ojúkòkòrò kò jẹ́. Ó wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni Jẹ́jẹ́lọlá, ó sì ti ń jẹ́wọ́ tirẹ̀ ní yàrá kejì tipẹ́. Ní ọjọ́ mẹ́rin tí ẹrù bá fi sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò yọ èyí tó dára nínú rẹ̀, yóò fi èyí tó ti kú rọ́pò. Àwọn ọlọ́pàá kó pẹpẹ Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ wá. Joel rí ẹ̀rọ fíríìjì rẹ̀, ó gbé e lé èjìká, ó sì gba ilé àna rẹ̀ lọ tààrà, kò tilẹ̀ dé ilé ara rẹ̀. Dora jókòó sórí bẹ́ǹṣì àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń fi orúkọ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń sunkún.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Vincent dá kọ́ìlì padà síbi tó ti wá. Adéjọbí fa okùn. Gílóòbù tàn yanran nínú oòrùn ọ̀sán, àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, ọ̀gá ilé-ìwé ka ìdajì owó tó kù fún ẹgbẹ́, ó sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Agatha. Agatha dá a lóhùn dáadáa. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ, ó tọ́ kó béèrè.

Catherine wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá Fúnlọ́lá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ èṣù ni."

Agatha fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Èṣù kò mọ ilé Màmá Adédoyin. Èṣù kò mọ ilé oníbúrẹ́dì. Ilé mẹ́tàdínlógún lẹ wọ̀ lọ sọ pé mo jalè, Ààrẹ. Mo kà wọ́n, torí inú wọn ni wọn kò ti ra púpurú mi mọ́."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ padà wọ̀ wọ́n."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Lónìí. Èmi yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Catherine wo oòrùn, ó wo bàtà gogoro ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo àwọn obìnrin ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà náà, ó mú un lọ́wọ́, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà. Agatha tẹ̀ lé e. Ní ilé àkọ́kọ́, Màmá Adédoyin ń ta iṣu lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo wá sọ fún yín pé Agatha kò jalè," Catherine ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Èmi ni mo gbé irọ́ lórí rẹ̀."

Màmá Adédoyin dìde. Ó bu omi tútù nínú àmù, ó kúnlẹ̀ gbé e fún Agatha. Agatha mu ún tán. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀, ó yíjú sí Catherine.

"Ó ku mẹ́rìndínlógún," ó ní.